Alága, Lẹ́tà Kan Wà Lọ́wọ́ Mi

(Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìpàdé ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níwájú ilé Alága. Àga rọ́bà méje, èèyàn mẹ́sàn-án. Ẹ má bi mí léèrè ibi tí owó àga tí a dá lọ́dún tó kọjá wọlé sí.)

ALÁGA: Èkó ò ní bàjẹ́ o!

GBOGBO WỌN: Ó bàjẹ́ tì!

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ti bàjẹ́ ní tiẹ̀.

ALÁGA: Ìyá Alákàrà, ọ̀rọ̀ gọ́tà kọ́ la bá wá.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Ohun tí ẹ sọ lóṣù tó kọjá náà nìyẹn. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòpin sí Sátidé ìmọ́tótó lọ́dún 2016, kò sẹ́ni tó kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ ti ń rí ọmọọmọ.

EJẸ́ǸTÌ: (ó nawọ́) Alága, lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ mi.

ALÁGA: Tìẹ dẹ̀yìn, ó di "ọ̀rọ̀ mìíràn". Akọ̀wé, ẹ ka ohun tó wà níwájú wa.

AKỌ̀WÉ: (tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, awò rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú) "Ọ̀rọ̀ kìíní: àwọn tó ń sùn sábẹ́ bíríìjì. Ọ̀rọ̀ kejì: àwọn tó ń sùn sábẹ́ bíríìjì, bí ti àkọ́kọ́ ò bá tán."

ALÁGA: Ará àdúgbò, ojú ń tì mí. Àbúrò mi dé láti Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun wá kí mi. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò báyìí, kí ló kọ́kọ́ rí? Sòkòtò tí wọ́n sá sára òpó bíríìjì! Mo ní ká kọ̀wé sí ìjọba, kí wọ́n wá kó gbogbo wọn kúrò.

BÀBÁ ỌLỌ́DẸ: Sòkòtò aláwọ̀ ewé, tí wọ́n lẹ̀ ní orúnkún?

ALÁGA: Ẹ̀yin náà rí i?

BÀBÁ ỌLỌ́DẸ: Èmi ni mo ni ín. Aṣọ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rà fún mi ni. Mo fọ̀ ọ́ ní Jímọ̀.

(Gbogbo ìpàdé dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ojúlé kejì nìkan ló ń sọ̀rọ̀.)

ALÁGA: Bàbá Ọlọ́dẹ! Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ilé wa?

BÀBÁ ỌLỌ́DẸ: Mò ń ṣọ́ ọ ni, ẹ ò ní kí n sùn síbẹ̀. Tílẹ̀ bá ti mọ́, mo gba abẹ́ bíríìjì lọ. 30,000 náírà lẹ ń san fún mi lóṣù, oṣù méjì sì wà nílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kó wa? Wọ́n ti kó wa rí. Wọ́n kó wa dé Májídùn lọ́nà Ìkòròdú, wọ́n bọ́ wa, wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ bàtà. Mo mọ bàtà rán dáadáa. Yàrá ló kù tí n ò mọ̀ ọ́n rán.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Èmi ò ní fọwọ́ sí lẹ́tà kankan. Àwọn ló ń ṣí ọjà fún mi láàárọ̀, owó lọ́wọ́. Àwọn tó ń ra àwìn, ilé alájà ni wọ́n ń gbé. (Ó gbójú sókè wo ilé Alága.) N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

EJẸ́ǸTÌ: Alága, lẹ́tà yìí...

ALÁGA: Ìwọ yìí ò ń gbọ́ràn! Ìwọ tó ń fún èèyàn nílé, bá mi sọ fún wọn pé abẹ́ bíríìjì kì í ṣe ilé.

EJẸ́ǸTÌ: Hùn. Ìyẹn le díẹ̀, Alága. Lọ́dún 2024, nígbà tí ìjọba lé àwọn tó wà lábẹ́ bíríìjì Dolphin Estate ní Ìkòyí, kọmíṣọ́nnà fún àyíká fẹnu ara rẹ̀ sọ pé yàrá 86 ni àwọn bá níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, òmíràn 12 sí 10. Nǹkan bí 250,000 náírà lọ́dún.

ALÁGA: Owó kí ni?

EJẸ́ǸTÌ: Owó ilé.

ALÁGA: Lábẹ́ bíríìjì?

EJẸ́ǸTÌ: Ìkòyí mà ni, Alága.

(Alága rọra jókòó. Ó yọ fóònù, ó ń ṣírò.)

ALÁGA: Yàrá 86, ọ̀kọ̀ọ̀kan 250,000... 21,500,000 náírà! Ká má tíì sọ àgíríìmẹ́ǹtì. Páànù ò ní jò, ìjọba ló kọ́ òrùlé... Akọ̀wé, ẹ má kọ eléyìí sílẹ̀.

AKỌ̀WÉ: Mo ti kọ ọ́.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Télọ̀ tó fẹ́ gba yàrá ẹ̀yìn yín ńkọ́, Alága? Ẹ ní kó mú owó ọdún méjì wá, àgíríìmẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n, àti owó "bí nǹkan bá bàjẹ́".

AKỌ̀WÉ: Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun.

ALÁGA: Ilé ìgbìmọ̀ ló ṣòfin yẹn, kí wọ́n lò ó ní ilé ìgbìmọ̀. Ilé tèmi nìyí.

BÀBÁ ỌLỌ́DẸ: Télọ̀ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé máṣíìnì rẹ̀ wá. Òun ló bá yín tún ọrùn agbádá yìí ṣe.

(Alága fọwọ́ bo ọrùn agbádá.)

EJẸ́ǸTÌ: Alága, "ilé tèmi" tí ẹ sọ yẹn gan-an ni lẹ́tà yìí dá lé.

(Ó gbé e fún Akọ̀wé. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀kan sínú, ó nu awò rẹ̀, ó wá kà á síta.)

AKỌ̀WÉ: "Sí gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé mọ̀lẹ́bí yìí. A ti ta ilé náà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ẹ bá wa kó jáde kí oṣù mẹ́fà tó pé." Ọmọ mọ̀lẹ́bí mẹ́tàdínlógún ló fọwọ́ sí i. Àbúrò yín ti Amẹ́ríkà ló ṣáájú.

ALÁGA: Àbúrò mi? Ó mà ní òun wá kí mi!

EJẸ́ǸTÌ: Ó kí yín ná. Ọ̀dọ̀ yín ló ti wá sí ọ́fíìsì wa.

AKỌ̀WÉ: Lẹ́tà sí ìjọba ńkọ́, Alága? Kí n kọ pé kí wọ́n wá lọ́sẹ̀ yìí?

ALÁGA: Ẹ sún un síwájú. (Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ Bàbá Ọlọ́dẹ.) Bàbá, ibẹ̀ yẹn... tójò bá rọ̀, ṣé omi máa ń dé ibi tí ẹ tẹ́ní sí?

BÀBÁ ỌLỌ́DẸ: Àfi tí gọ́tà bá dí.

ÌYÁ ALÁKÀRÀ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé a lè wá sọ̀rọ̀ gọ́tà báyìí?