Wọ́n gbá mọ́tò mi ní Wuse, wọ́n sì sá lọ

Àǹtí Bùnmi Garki
Ẹ̀yin ará Abuja, ẹ gbà mí o. Lọ́sàn-án Sátidé, mo páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì lẹ́bàá ọjà Wuse, mo wọlé lọ ra ẹja titus àti ata. Kí n tó jáde, wọ́n ti gbá mi lẹ́yìn. Bọ́ńpà ti já lápá òsì, ó ń wọ́lẹ̀, iná ẹ̀yìn ti fọ́ yángá, ọ̀dà dúdú mọ́tò ẹlòmíì sì lẹ̀ mọ́ ara Corolla mi aláwọ̀ sílífà. Ọmọ Hausa tó máa ń darí mọ́tò níbẹ̀ ní Golf dúdú kan ló ń fẹ̀yìn rìn tó fi kọlù ú. Ó ní dírẹ́bà náà bọ́ sílẹ̀, ó wò ó, ó fi orúnkún ti bọ́ńpà náà wọlé. Nígbà tó tún já, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. KUJ nìkan ni ọmọ náà rí mú nínú nọ́ńbà rẹ̀. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ wò ó tán kó tó lọ, òun ló ń dùn mí jù. Ìbéèrè mi ni pé, tẹ́ ẹ bá gbá mọ́tò ẹni tí kò sí nítòsí, ṣé ẹ máa ń dúró dè é ni, àbí ẹ máa ń lọ? Kí ni kí n sì ṣe báyìí?

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ̀gbẹ́ títì kẹ̀? Ibi ìgbọ́kọ̀sí ò sí nínú ọjà ni? Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn ná.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹ ò sí nínú ẹ̀. Eélòó ni wọ́n ń ta kílò titus ní Wuse báyìí?

Àkàndé Lugbe
Kò sẹ́ni tó máa dúró, ẹ má tanra yín. Ẹni tó bá dúró, ẹ máa ní kó san owó bọ́ńpà tuntun, owó iná, owó ọ̀dà, owó táksí tẹ́ ẹ máa wọ̀ títí mọ́tò á fi jáde. Àwọn panẹbítà Apo ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Iṣẹ́ ₦20,000, wọ́n á pè é ní ₦150,000. Ẹni tí ò ní irú owó bẹ́ẹ̀ lápò, sísá ló kù fún un.

Sùúrù Mararaba
Ọmọ tó ń darí mọ́tò yẹn ni kẹ́ ẹ mú. Wọ́n ti fún un ní nǹkan. Àwọn abókí yìí mọ ara wọn.

Àǹtí Bùnmi Garki
@Sùúrù, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Òun ló sáré wá pàdé mi kí n tó débi mọ́tò. Mo fún un lówó, kò gbà á, "Allah ya kiyaye" (kí Ọlọ́run ṣọ́ wa) ló ń wí. Àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n ń sọ Yorùbá létí mi, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. @Ọmọ Ọ̀fà, inú ọjà kún dẹ́nu. Sátidé ni.

Ọmọ Ọ̀fà
Tó bá kún, ẹ padà sílé. Ẹni tó gbé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì ló ní kí wọ́n wá gbá a.

Lọ́yà Gwarinpa
Ẹni tó páàkì síbi tí kò dáa lè jẹ owó ìtanràn. Ìyẹn ò fún ẹlòmíì láṣẹ láti ba mọ́tò rẹ̀ jẹ́ kó sì sá. Dírẹ́bà tó bá kọlu nǹkan gbọ́dọ̀ dúró, kó sọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀. Tí kò bá rí ẹni tó ni ín, àgọ́ ọlọ́pàá ló yẹ kó kọjú sí. Àǹtí Bùnmi, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá Wuse, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn, ẹ ya fọ́tò ọ̀dà dúdú yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó fọ mọ́tò.

Ohun tó sì ń bí mi nínú nìyí. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni owó ìnṣọ́ránsì third-party ti kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000 fún mọ́tò àdáni. Nítorí owó yẹn, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè san tó ₦3 mílíọ̀nù fún dúkìá ẹlòmíì tí dírẹ́bà náà bà jẹ́. Tí ọkùnrin yẹn bá ní ìwé gidi, bọ́ńpà àti iná àǹtí yìí ò ní gba kọ́bọ̀ lápò rẹ̀. Owó tí kì í ṣe tirẹ̀ ló sá fún.

Túndé Jabi
Ṣé nọ́ńbà pupa ni àbí búlúù? Tó bá jẹ́ pupa, táksí ni, ẹ lè lọ béèrè ní gáréèjì. Búlúù, ti àdáni nìyẹn.

Àǹtí Bùnmi Garki
Ọmọ náà ní búlúù ni.

Sùúrù Mararaba
Kàbúkàbú nìyẹn. Àwọn ló ń fi mọ́tò àdáni gbé èrò. Ẹ lọ sí Kuje, ẹ máa rí i.

Túndé Jabi
KUJ ò sọ pé Kuje ló ń gbé. Ibi tí wọ́n ti gba nọ́ńbà ló ń sọ. BWR ni tèmi, èmi àti Bwari ò sì jọ ní nǹkan kan pọ̀.

Sọjí Ọlọ́dà Apo
Ọ̀gbẹ́ni Àkàndé, mo ti ka ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ nípa wa. Ṣé ẹ ti mú bọ́ńpà oníke tó ya lọ́wọ́ rí? A ó fi irin gbígbóná ran án láti inú, a ó tẹ wáyà sínú ojú ibi tó ya kó má baà tún là. A ó wá fi filler tẹ́ ẹ, a ó fi sandpaper olómi fá a títí ọwọ́ ò fi ní mọ ibi tó ya mọ́. Ó ku páràímà, ó ku ọ̀dà, ó ku kílíà lórí ẹ̀. Sílífà sì ló le jù láti bá mu, torí èyí tí oòrùn Abuja ti pa ò lè jọ èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Tí mo bá kun bọ́ńpà nìkan, ẹ máa ní "Sọjí, kì í ṣe àwọ̀ mọ́tò mi nìyí." Mo gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ wọ féńdà díẹ̀ kí ojú má baà rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Epo tí mo fi ń tan jẹnẹrétọ̀ fún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ńkọ́? Ta ni olè níbẹ̀?

Àkàndé Lugbe
Gbogbo ẹ̀ tó o kà kalẹ̀ yìí, filler tó nípọn bí búrẹ́dì Agége lo máa fi bò ó mọ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta, á là. Mo mọ̀ yín.

Sọjí Ọlọ́dà Apo
Èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ "o" báyìí? Èmi ò bá yín sọ "o" o, ẹ wo òkè.

Àkàndé Lugbe
Ṣé o dàgbà jù mí lọ ni? Ọmọ mi ti wà ní yunifásítì.

Sọjí Ọlọ́dà Apo
Ọmọ tèmi ti jáde. Ẹ tún un sọ.

Alhaji Mutiu Karu
Ẹ fi sùúrù ṣe é, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè arábìnrin yìí. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ níbí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni tó bá fi mọ́tò rẹ̀ dí ẹlòmíì máa ń kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí páálí, á gbé e sí iwájú dígí kí wọ́n lè pè é. Ọ̀rọ̀ ìdádúró lásán nìyẹn, a sì ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún un. Kí ló wá dé tí a fi ń sá nígbà tí a bá ba mọ́tò jẹ́? Ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì wúwo. Èèyàn lè kírun títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹni tó jẹ ní gbèsè bọ́ńpà ló máa kọ́kọ́ dárí jì í. Èmi ń dúró. Tí mi ò bá sì lè dúró, mo ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Túndé Jabi
Alhaji, ẹ̀yin kọ ọ́, ta ló máa kà á? Ìwé tẹ́ ẹ fi sábẹ́ wáípà ní Abuja, ìpolongo ìsọjí ni wọ́n á rò pé ó jẹ́, wọ́n á ká a jù sílẹ̀ láìwò ó.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Òótọ́ ni o! Tèmi lánàá, ti ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní Lugbe ni.

Bísí Utako
Ìyá Ìbejì, ẹ fi Wuse sílẹ̀ tó bá jẹ́ ẹja lẹ̀ ń wá. Ẹ lọ sí ọjà ẹja Kado. Tútù wà, gbígbẹ wà, wọ́n á sì bá yín yan án níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Àní mo ń wá ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀! Ṣé ẹja àrọ̀ wọn dáa?

Bísí Utako
Ààyè ló ń fò nínú omi. Ẹ lọ láàárọ̀.

Gbénga tó ń bọ̀ láti Èkó
Èyí ò lè ṣẹlẹ̀ l'Ékòó. Àwọn ọmọ àdúgbò á ti dí Golf yẹn, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Abuja yín ti dákẹ́ jù, kálukú ń ṣe bí ẹni pé òun ò rí nǹkan.

Túndé Jabi
L'Ékòó, kí ẹ tó dé, wọ́n á ti tú iná kejì tí kò fọ́ lọ.

Bísí Utako
😂😂😂

Àǹtí Bùnmi Garki
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wa mọ́tò, ṣé ẹ máa ń dúró? Alhaji nìkan ló dá mi lóhùn.

Sùúrù Mararaba
Ẹ ní kí ìjọba yọ fídíò kámẹ́rà fún yín. Kámẹ́rà wà káàkiri Abuja.

Túndé Jabi
Kámẹ́rà wo? Èyí tí wọ́n torí ẹ̀ lọ yá $470 mílíọ̀nù ní China, tí wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ZTE lọ́dún 2010? Òpó wọn ṣì dúró. Ẹ bá mi wá ẹnì kan tí wọ́n fi bá mú ẹni tó gbá mọ́tò rẹ̀.

Sùúrù Mararaba
Ẹ pe VIO, àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò, nígbà náà, kí wọ́n máa dá gbogbo Golf dúdú tó ní KUJ dúró.

Lọ́yà Gwarinpa
Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja ti dájọ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 pé VIO ò ní àṣẹ láti dá mọ́tò dúró, tàbí gbà á, tàbí bu owó ìtanràn fún dírẹ́bà. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ third-party tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ gbọ́.

Gbénga tó ń bọ̀ láti Èkó
Ìdájọ́ yẹn ló ba Abuja jẹ́. Mọ́tò tí ò ní bíréèkì ló kún títì.

Sùúrù Mararaba
Irọ́ ni, àwọn VIO yẹn ló ń lépa èèyàn títí tó fi máa forí sọ òpó. Mo fara mọ́ ilé ẹjọ́.

Àkàndé Lugbe
Lọ́yà, third-party wo? Ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé kiri. Èmi ń san án lọ́dọọdún, mi ò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀ rí.

Lọ́yà Gwarinpa
Ẹ ò lè rí i gbà, ẹ̀gbọ́n, torí kì í ṣe mọ́tò yín ló wà fún. Mọ́tò tẹ́ ẹ bá gbá ló wà fún. Àǹtí Bùnmi ò lè fi third-party tirẹ̀ tún bọ́ńpà rẹ̀ ṣe, ti ọkùnrin Golf yẹn ló yẹ kó sanwó. Nítorí náà ni sísá rẹ̀ ṣe burú: kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ilé iṣẹ́ tí a máa kọjú sí. Ní ti ìwé ayédèrú, ẹ wọ NIID, àkójọ ìnṣọ́ránsì mọ́tò, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò yín síbẹ̀, á sọ fún yín bóyá ojúlówó ni. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá ti ń béèrè rẹ̀ lójú pópó.

Sùúrù Mararaba
Wọ́n ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó dúró. Ẹni tó sá, wọn ò bi í ní nǹkan kan.

Ọmọ Ọ̀fà
MO TÚN Ń BÉÈRÈ O. KÍ LÓ GBÉ YÍN PÁÀKÌ SÍ Ẹ̀GBẸ́ TÍTÌ? GBOGBO YÍN Ń SÁ FÚN ÌBÉÈRÈ YÌÍ.

Bísí Utako
Ó ti dá ọ lóhùn. Inú ọjà kún.

Ọmọ Ọ̀fà
KÍ LÓ DÉ TÍ KÒ PADÀ SÍLÉ?

Àǹtí Bùnmi Garki
Bàbá Sọjí, ẹ jọ̀ọ́ sà, eélòó lẹ máa gbà láti tún un ṣe? Bọ́ńpà náà ya lẹ́ẹ̀kan, láti ibi iná dé ibi tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì so ó mọ́ ara mọ́tò.

Sọjí Ọlọ́dà Apo
Àǹtí, ẹ gbé e wá kí n rí i. Tó bá jẹ́ bí ẹ ṣe wí ni, ₦45,000 fún bọ́ńpà, pẹ̀lú féńdà tí mo máa fẹ́ ọ̀dà sí. Iná lọ́tọ̀. Ẹ má ra iná tuntun, tókunbọ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè, ó máa ń ṣe rẹ́gí ju àwọn tuntun kan lọ.

Àkàndé Lugbe
Ẹ RÍ I? Ẹ RÍ I? ₦45,000! Kí ni mo sọ níbẹ̀rẹ̀?

Sọjí Ọlọ́dà Apo
₦150,000 lẹ sọ níbẹ̀rẹ̀.

Àkàndé Lugbe
Mo ní iṣẹ́ ₦20,000 ni. O ti fi ₦25,000 lé e lójú gbogbo ayé.

Sọjí Ọlọ́dà Apo
Ẹ wá ẹni tó máa ṣe é ní ₦20,000 fún àǹtí yìí. Ẹ dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà níbí. Mò ń dúró.

Àkàndé Lugbe
Ẹnì kan wà ní Kugbo.

Sọjí Ọlọ́dà Apo
Ta ni? Mo mọ gbogbo àwọn ọlọ́dà Kugbo.

Àkàndé Lugbe
Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó dáa fún ọ kó o lọ bà á jẹ́.

Alhaji Mutiu Karu
Ẹ̀yin méjèèjì, mo bẹ̀ yín. Ẹni tó gbá mọ́tò ti sá lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù ń lu ara yín.

Ìyá Ìbejì Kubwa
Sọjí, níbo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà ní Apo gan-an? Ilẹ̀kùn tèmi náà, kẹ̀kẹ́ NAPEP kan ló họ ọ́ ní Kubwa, òun náà ò dúró.

Sọjí Ọlọ́dà Apo
Ẹ béèrè Sọjí Ọlọ́dà ní ìlà àwọn onígíláàsì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mò ń ṣí. Tí ọ̀gbẹ́ni Lugbe bá fẹ́, kí òun náà wá wò bí mo ṣe ń ṣe é.

Àkàndé Lugbe
Mò ń bọ̀. Mo sì máa fi ọwọ́ ara mi kan bọ́ńpà yẹn kó o tó kùn ún.

Sọjí Ọlọ́dà Apo
"O" náà tún nìyẹn.