Ṣé lóòótọ́ ni Summer League ń fi ọjọ́ ọ̀la agbábọ́ọ̀lù hàn?

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí ìdíje NBA, líìgì bọ́ọ̀lù inú apẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bá ti parí ní oṣù kẹfà, tí àwọn ẹgbẹ́ sì ti ṣa àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ nínú draft (ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń mú ọmọ tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan), ariwo kan náà ló máa ń sọ ní oṣù keje. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò wọ pápá fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Summer League, ìdíje oṣù keje tí àwọn ẹgbẹ́ NBA fi ń dán àwọn ọmọ tuntun wò ní Las Vegas, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ní wọlé, kí ilẹ̀ tó mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ti sọ pé owó ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọgbó. Ẹlòmíràn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí yóò máa rọ póíǹtì bí òjò, wọn yóò sì ti dé e ládé. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí ariwo méjèèjì ni pé eré márùn-ún tàbí mẹ́fà yìí tó láti mọ ẹni tí yóò yege àti ẹni tí yóò kùnà. Àwa Yorùbá pàápàá ní òwe tí a máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀, pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Èmi kò bá òwe náà jà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà èwe ọmọ ni ó ń sọ, kò sọ ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù keje.

Ọdún 2012 nìkan tó láti tú ìgbàgbọ́ yìí ká. Lọ́dún náà, agbábọ́ọ̀lù méjì ni wọ́n jọ fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù lọ ní Las Vegas. Ọ̀kan ni Damian Lillard, tí Portland ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní ipò kẹfà. Èkejì ni Josh Selby ti Memphis, tí wọ́n ti mú ní ipò kọkàndínláàádọ́ta lọ́dún tó ṣáájú. Ẹni tí kò bá mọ èyíkéyìí nínú wọn tẹ́lẹ̀ ì bá fọwọ́ sọ̀yà pé Selby ló ní ọwọ́ tó dájú jù, nítorí nínú bọ́ọ̀lù 42 tó jù láti ẹ̀yìn ìlà póíǹtì mẹ́ta, 27 ló bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, èyí tí kò sí ẹni tó tíì ṣe irú rẹ̀ fún odindi sáà kan nínú NBA. Kí sáà tó tẹ̀lé e tó parí, Memphis ti fi í ránṣẹ́ sí Cleveland, Cleveland náà sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kò sì gbá bọ́ọ̀lù NBA mọ́ láti ìgbà náà. Lillard ní tirẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ ọmọ tuntun tó dára jù lọ, kò sì sí ìbò kan tó ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lọ́dún 2014, Glen Rice Jr. ti Washington gba irú àmì-ẹ̀yẹ Las Vegas yìí kan náà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n ti tú u sílẹ̀, gbogbo eré NBA tó sì gbá láyé rẹ̀ kò ju 16 lọ.

Ti àwọn tí wọ́n ń kẹ́gàn ló dùn mí jù. Ní oṣù keje ọdún 2018, Trae Young, tí Atlanta gbà nígbà tí wọ́n fi Luka Dončić fún Dallas, kọ́kọ́ fara hàn ní Salt Lake City, níbi tí irú ìdíje oṣù keje yìí tún ti ń wáyé. Bọ́ọ̀lù 20 ló jù, mẹ́rin ló wọlé. Nínú 11 tó jù láti ẹ̀yìn ìlà, ẹyọ kan ṣoṣo ló rí apẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti ń fi Atlanta ṣẹ̀sín nítorí pàṣípààrọ̀ náà rí nǹkan sọ, wọn kò tilẹ̀ rò ó pé Dončić fúnra rẹ̀ kò gbá Summer League rárá lọ́dún yẹn. Nígbà tí sáà gidi dé, Young ń kó póíǹtì 19.1 ní ìpíndọ́gba nínú eré kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi bọ́ọ̀lù mẹ́jọ ó lé díẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ di póíǹtì, Dončić nìkan ló sì ṣáájú rẹ̀ nínú ìdíje ọmọ tuntun tó dára jù lọ.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìṣirò wò ó. Ká sọ pé ọmọ tuntun kan gbá eré márùn-ún, tó sì ju bọ́ọ̀lù márùn-ún láti ẹ̀yìn ìlà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 25 ni gbogbo rẹ̀. Bí agbára rẹ̀ gan-an bá jẹ́ kí 36 wọlé nínú 100, mẹ́sàn-án ni ó yẹ ká máa retí. Ṣùgbọ́n bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbá ìdíje náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú rẹ̀ ni iye tó wọlé yóò já sí mẹ́fà tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tàbí kó di méjìlá tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́fà nínú 25 jẹ́ 24 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn yóò ní kò mọ̀ ọ́n jù; méjìlá jẹ́ 48, wọn yóò ní Stephen Curry, ọ̀gá nínú jíju póíǹtì mẹ́ta, mìíràn ti dé. Ẹnì kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló sì fi jù ú.

Yàtọ̀ sí èyí, eré tí wọ́n ń gbá níbẹ̀ kì í ṣe ti NBA gan-an. Ogójì ìṣẹ́jú ni, kì í ṣe 48, àti pé ní Las Vegas ẹni tó bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni wọ́n ń lé jáde, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́fà ni ní sáà gidi, nítorí náà a lè fa èèyàn láṣọ níbẹ̀ ju bí a ti lè fà á lóṣù kọkànlá tí sáà gidi ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n fi jọ ń ṣe ìdánrawò kí wọ́n tó wọ pápá. Nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn ọmọ tuntun tí ẹgbẹ́ mú; àwọn tó kù jẹ́ ẹni tí ń wá ìwé àdéhùn, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ NBA tàbí ní Yúróòpù, olúkúlùkù sì mọ̀ pé àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tó ń wá agbábọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀, ń bẹ lórí ìjókòó. Ọjà ni, tí kálukú ń polówó tirẹ̀, ẹni tó sì ń polówó ara rẹ̀ kì í sáré fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àárẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Victor Wembanyama ṣì ń gbá àṣekágbá líìgì ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ keje oṣù keje, ó wọ pápá ní Las Vegas fún San Antonio, ó ju bọ́ọ̀lù 13, méjì péré ló wọlé. Lọ́jọ́ tó gbá ìkejì, ó ní póíǹtì 27, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní kó lọ sinmi. Àwọn tó fi ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ kò sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí gbogbo ìbò ọmọ tuntun tó dára jù lọ bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́dún 2024.

Èyí kò sọ pé kò sí nǹkan tí ojú lè rí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ Wembanyama kò dá yẹn, ó dí bọ́ọ̀lù márùn-ún mọ́ àwọn alátakò lọ́wọ́. Ní tèmi, ohun tí ara àti ojú agbábọ́ọ̀lù ń ṣe ni ó yẹ kéèyàn máa wò: bí ó ṣe ń dènà, ibi tí ó ń dúró sí, bí ó ṣe yára rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní àyè. Bọ́ọ̀lù tó wọlé tàbí tí kò wọlé ni kó gbẹ̀yìn, nítorí òun ló máa ń yí padà jù.

Giannis Antetokounmpo, ọmọ Adétòkunbọ̀ tí wọ́n bí ní Áténì fún àwọn òbí tó ṣí wá láti Èkó, kò sí ní Las Vegas rárá ní oṣù keje ọdún 2013 tí Milwaukee mú un ní ipò kẹẹ̀ẹ́dógún, nítorí ìdíje Yúróòpù fún àwọn tí kò tíì ju ogún ọdún lọ ló ń gbá fún ilẹ̀ Gíríìsì ní Tallinn. Lóṣù keje kan náà, ní ọdún 2021, ó jẹ póíǹtì 50 nínú eré tí Milwaukee fi gba ife NBA.