Tí Ogun Bá Parí, Owó Oṣù Ni Kí Wọ́n Kọ́kọ́ San

Tí ogun bá ti parí níbì kan báyìí, ohun tí a máa gbọ́ ni pé àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, wọ́n ti ṣèlérí bílíọ̀nù dọ́là, wọ́n fẹ́ kọ́ afárá, wọ́n fẹ́ tún pápákọ̀ òfurufú ṣe. Ó dáa o. Àmọ́ ta ló máa san owó oṣù sọ́jà àti tíṣà tóṣù yìí bá parí? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ wo Ìráàkì. Oṣù karùn-ún ọdún 2003, Paul Bremer tí Amẹ́ríkà fi ṣe alákòóso ibẹ̀ kàn fọwọ́ síwèé pé òun ti tú àwọn ọmọ ogun ká, bí ọ̀kẹ́ àìmọye ọkùnrin tó mọ ìbọn yìn ṣe di aláìníṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n wọ́de ní Baghdad, sọ́jà Amẹ́ríkà yìnbọn pa méjì nínú wọn, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ní àwọn á máa fún wọn ní nǹkan lóṣooṣù. Ó ti bọ́ sórí, àwọn kan ti lọ bá àwọn ọlọ̀tẹ̀.

Mòsáńbíìkì ò ní irú owó yẹn rárá, síbẹ̀ lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà ọdún 1992, wọ́n fún àwọn tó gbé ìbọn sílẹ̀, ti ìjọba àti ti Renamo, ìyẹn àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń bá ìjọba jà, lówó fún ọdún 2, báǹkì tó wà níbi tí kálukú fẹ́ máa gbé ló ti ń gbà á. Owó ọ̀hún ò pọ̀, àmọ́ èèyàn á lè fi ìyẹn padà sílé lọ dáko.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣé ẹni tó dáná sunlé wa la tún fẹ́ máa sanwó fún ni? Inú ń bí àwa náà jàre. Àti pé olè pọ̀ nídìí ẹ̀. Ní Làìbéríà, ìparí ọdún 2003, wọ́n ṣèlérí 300 dọ́là fún jagunjagun tó bá gbé ìbọn sílẹ̀, ni wọ́n bá ya bo ibùdó tó wà lẹ́yìn Monrovia, ibùdó ò gbà wọ́n, owó ò yá, wọ́n kọrí sígboro wọ́n ń yìnbọn, èèyàn kú, ó di ọdún kejì kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe é tán, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 100,000, ìbọn tí wọ́n rí gbà ò tó 30,000. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀.

Síbẹ̀ a ò yí ọ̀rọ̀ wa padà. Kí wọ́n yọ owó oṣù ọdún 2 àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kí kọntirákítọ̀ kankan tó gba kọ́bọ̀, ti sọ́jà, ti tíṣà, ti nọ́ọ̀sì, kó sì gba àpò ìjọba ìlú náà kọjá, torí ìjọba tí ò lè sanwó òṣìṣẹ́ ẹ̀, ta ló máa kà á sí? Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù olè, kó ní kí wọ́n lẹ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbowó mọ́ ògiri iléèwé àti bárékè, àwọn ará àdúgbò ló máa sọ èyí tí wọn ò mọ̀ rí níbẹ̀.