Ẹ Ra Irin Eegun Sílé Ìwòsàn, Kí Dókítà Lè Rí Iṣẹ́ Kọ́

Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ abẹ eegun. Rẹ́jísírà, ìyẹn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ láti di ọ̀gá, á dúró ti ọ̀gá rẹ̀ ní tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, á bá a fa ẹran sẹ́yìn, á máa nu ẹ̀jẹ̀, títí ọjọ́ tí wọ́n á gbé dírílì lé e lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ ìgbà tí sùkúrúù di eegun mú dáadáa àti ìgbà tó kù díẹ̀ kó já. Ìdí nìyẹn tí rẹ́sídẹ́ǹsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ́jísírà, fi ń gba ọdún púpọ̀, láti ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Primary títí dé èyí tó kẹ́yìn, Part Two.

Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an ni kì í sábà sí. Ọ̀kadà gbá ẹnìkan, eegun itan kán. Wọ́n gbé e dé wọ́ọ̀dù, wọ́n so ìwọ̀n mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí eegun má baà sún kira, ó di kí ẹbí lọ wá owó irin tí wọ́n máa tì bọ inú eegun náà. Bí owó kò bá pé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Bó bá tún pẹ́ sí i, ẹbí á gbé e lọ bá baba tó ń to eegun ládùúgbò. Àwọn baba kan mọ̀ ọ́n ṣe dé ìwọ̀n àyè kan, ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi igi àti okùn di ẹsẹ̀ pinpin tí ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà kọjá, ẹsẹ̀ á rà. Bó bá fi máa padà dé ilé ìwòsàn, gígé ló kù. Rẹ́jísírà tó yẹ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ẹsẹ̀ wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e.

Òfin rẹ́sídẹ́ǹsì ọdún 2017 dá àpò owó sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn rẹ́jísírà, síbẹ̀ léraléra ni NARD, ẹgbẹ́ wọn, ń fi ìyanṣẹ́lódì halẹ̀ kí ìjọba tó san án. Ìjà wọn tọ̀nà. Àmọ́ owó ẹ̀kọ́ yìí nìkan kò lè kọ́ni níṣẹ́ nínú tíátà tó ṣófo.

Àwọn kan ní kí ni ìjọba ń náwó sí, ṣebí àwọn dókítà náà á kúkú já pa lọ sókè òkun? Ní 2023, àbá òfin kan dé Ilé Aṣòfin pé kí dókítà kọ́kọ́ fi ọdún márùn-ún ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kó tó gba ìwé àṣẹ kíkún. A kò fara mọ́ ọn. Ní gbogbo ọdún tí rẹ́jísírà fi ń kọ́ṣẹ́, òun ló ń jí lóru gba àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Bó bá tiẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ó ti sìn wá kó tó lọ.

Òfin NHIA, àjọ ìbánigbófò ìlera, ti ọdún 2022 ní àpò owó kan fún àwọn tí kò rí jájẹ. Kí wọ́n máa ti inú rẹ̀ san owó irin àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ kán léegun, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ìgbóbì l'Ékòó, Dálà ní Kánò àti Ẹnúgù, àwọn ilé ìwòsàn eegun tí ìjọba àpapọ̀ ní. Owó rẹ́sídẹ́ǹsì náà, oṣù kìíní ọdún ni kí wọ́n máa san án, kí ilé iṣẹ́ ètò ìlera sì kéde ọjọ́ tí wọ́n san án fún gbogbo ayé.