Jíìpù Tí Àkúrẹ́ Bá Mi Yàn

Kí iyán yẹn tó dé, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Èmi kọ́ ni mo yan mọ́tò tí mò ń wà ní Sheffield. Owó mi ló rà á o. Èmi ni mò ń san gbèsè rẹ̀ lóṣooṣù, èmi náà ni mò ń ha yìnyín lójú gíláàsì rẹ̀ láago mẹ́fà ìdájí. Ṣùgbọ́n inú ọgbà yìí gan-an, lábẹ́ igi máńgòrò yìí, ní Àkúrẹ́ níbí, ni wọ́n ti yàn án. Bọ̀ọ̀dá mi tó ń wojú ilẹ̀ níbẹ̀ yẹn, òun ni alága ìgbìmọ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, láti ojúlé dé ojúlé. Màá wẹ ẹnì kan, màá fún ẹnì kejì lóògùn, màá bá ẹnì kẹta wá eyín rẹ̀ tó lọ tọ́jú sínú fìríìjì. Ilé méjìlá lóòjọ́, nígbà mìíràn mẹ́rìnlá. Bẹ́ẹ̀ Sheffield, òkè ni. Àwọn fúnra wọn máa ń sọ pé orí òkè méje ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹni tó bá ti gun Ìdànrè rí á rò pé òun mọ òkè, ṣùgbọ́n ní Ìdànrè, tó o bá gùn ún tán, wàá ya fọ́tò, wàá sọ̀ kalẹ̀, ó parí. Èmi á gùn ún lọ po tíì fún ìyá kan, màá sọ̀, màá tún gun òmíràn lọ pààrọ̀ aṣọ fún bàbá kan, nínú òjò. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi bá bọ́ọ̀sì ṣe é kí ọ̀gá mi tó ní kí n lọ wá mọ́tò.

Mo ní ṣebí ó tán. Èmi tí mo ti wakọ̀ ọdún mẹ́rìndínlógún, láti títì Ọba Adéṣidà dé ẹnu géètì yunifásítì FUTA, nínú kèké, nínú ọ̀kadà, nínú ewúrẹ́. Àṣé láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, oṣù méjìlá péré ni wọ́n á fi gbà á lọ́wọ́ ẹ tó o bá ti ń gbé ọ̀dọ̀ wọn. Ó kọjá oṣù méjìlá, o di ọmọdé. Wọ́n lẹ L pupa mọ́ mi níwájú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lẹ́yìn. Ọjọ́ ìdánwò, mo rí obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa kan lẹ́bàá títì, mo fi họ́ọ̀nù kí i. Ọkùnrin tó jókòó tì mí kọ nǹkan sílẹ̀. Mo rí bàbá kan tó fẹ́ sọdá, mo fi họ́ọ̀nù sọ fún un pé mo ti rí i. Ó tún kọ. Ẹnì kan fún mi lọ́nà, mo fi họ́ọ̀nù dúpẹ́. Ó kọ ọ́ títí bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo fìdí rẹmi. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo tó yege, ọwọ́ ni mo gbé kúrò lórí họ́ọ̀nù, mo jókòó bí ẹni tó wá síbi òkú.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni pé mo sọ ọ́ lórí WhatsApp ẹbí. Mo kàn kọ ọ́ pé mo fẹ́ ra SUV kékeré tí màá máa gbé lọ síbi iṣẹ́. Àwọn èèyàn wa ò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ SUV. Mọ́tò tó bá ti ga díẹ̀, jíìpù ni. Kí n tó gbé fóònù kalẹ̀, Màámi ti fi ohùn ránṣẹ́: "Jíìpù! Ọmọ mi ra jíìpù!" Ní Sunday ọjọ́ náà, wọ́n ti dúpẹ́ ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́tò tí mi ò tíì rí. Nígbà tó di Tuesday, ẹni mẹ́rin ló ti ń bi mí léèrè owó ilé ìwé ọmọ wọn.

Mo wá ṣàlàyé fún wọn pé kékeré ni o. Bùrọ̀dá bàbá mi kan ní, "Kékeré báwo? Ṣé ọmọ jíìpù ni? Ṣé á dàgbà?"

Ohun tí èmi ń wá ò pọ̀. Títì ibi tí mò ń gbé há débi pé mọ́tò tòótún àti tòósì ló gùn sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí náà mi ò fẹ́ nǹkan ńlá. Mo fẹ́ èyí tí kò ní máa mu epo bí ọ̀mùtí. Mo fẹ́ kí ìjókòó rẹ̀ ga, torí gbígbé àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ti bá ìbàdí mi jà. Mọ́tò tó lọ sílẹ̀, tí n bá wọ inú ẹ̀ tán, àfi kí n ké sí àwọn aládùúgbò kí n tó jáde. Ìyẹn nìkan. Ta ló bi mí?

Bàbá mi ní Toyota ni, ọ̀rọ̀ parí. Bàbá Ìbejì mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì tí òun lè tú palẹ̀ láìlo kọ̀ǹpútà. Bọ̀ọ̀dá mi ní kó ga nílẹ̀, torí ọ̀nà Adó. Mo ní Adó wo? Kò dáhùn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ìdílé tiwa, ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó yan mọ́tò fún ẹni tó ń gbé Sheffield. Ó yẹ kí n ti fura nígbà yẹn.

Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ tiwọn. Òyìnbó tó ń tajà níbẹ̀ ní kí n gbé èyí tó ń lo dísù, pé kì í jẹ epo. Mo bi ara mi wò. Mọ́tò dísù ayé ìsinsìnyí ní asẹ́ kan nínú páìpù èéfín, òun ló ń gba ẹ̀dú inú èéfín sílẹ̀. Asẹ́ yẹn fẹ́ kí o máa na mọ́tò lọ jìnnà lójú ọ̀nà ńlá, kó gbóná dáadáa, kó lè jó ẹ̀dú yẹn dànù. Èmi nìyí, ilé kan sí ìkejì ò pé máìlì méjì, kí ẹ́ńjìnnì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mo ti pa á. Kò ní í pẹ́ dí. Mo sọ fún Bàbá Ìbejì lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí Ìlú Ọba, ẹ yọ asẹ́ dànù." Mo ní wọn ò jẹ́, tí mọ́tò bá ti pé ọdún mẹ́ta, ọdọọdún ló ń ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní MOT, tí wọn ò bá sì rí asẹ́ níbi tó yẹ kó wà, ó já nìyẹn. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ta ni yóò wo abẹ́ ẹ̀?" Mo ní iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ó káàánú wọn.

Mo bi í nípa hybrid, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tó tún ní bátìrì tó ń ti mọ́tò. Ó gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀: "Hẹ̀n-ẹ́n, jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà nínú mọ́tò kan." Mi ò tíì rí òyìnbó tó ṣàlàyé ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Àmọ́ owó ẹ̀ ju ọwọ́ mi lọ, a fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé kó ga nílẹ̀ ló dójú tì mí jù. Bọ̀ọ̀dá mi ò gba ìwé tí òyìnbó tẹ̀ gbọ́. Ó ní kí n fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́. Agolo méjì lórí ara wọn, á kọjá Ìjù lójú ọ̀nà Adó. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, kò sóhun tí Ìta-Ògbólú lè fi ṣe é. Mo ra agolo mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí. Òjò ń rọ̀ winniwinni. Mo kúnlẹ̀ nínú omi, mo na agolo sábẹ́ mọ́tò, mo fi ọwọ́ kejì di fóònù mú, fídíò ló wà. Bọ̀ọ̀dá mi ń pariwo láti ibí yìí, "Gbé fóònù wálẹ̀! Wálẹ̀ sí i! Mi ò rí ìdí ẹ́ńjìnnì!" Mo bá dọ̀bálẹ̀. Èmi, obìnrin. Àfi bàtà tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Òyìnbó tó ń tajà ni, ó gbé agbòjò dání, ó ń bi mí pẹ̀lẹ́tù bóyá nǹkan mi ló bọ́ sílẹ̀. Mo ní rárá, mílíìkì ni. Ó ní, "Ah." Ó ṣí agbòjò bò mí, ó dúró, ó ń wo òkè. Ìwà pẹ̀lẹ́ wọn yẹn máa ń dùn mí ju èébú lọ.

Agolo méjì wọlé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò wọlé.

Nígbà tó kan Màámi, búùtù ni tiwọn. Mo kà á fún wọn pé Nissan Qashqai tí mo ń wò, lítà 430 ni búùtù ẹ̀. Wọ́n ní, "Lítà? Ṣé epo ni wọ́n ń rọ sí i ni?" Mo ní bí wọ́n ṣe ń wọn búùtù níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń ṣírò. Màámi ti ta epo pupa rí o, ẹ má fojú di wọ́n. "Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́tàdínlógún. Ó ṣẹ́ díẹ̀ kù." Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí. "Kò burú," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n níbo ni ìkòkò àṣè máa dúró sí?"

Ìkòkò yẹn ló dá ẹjọ́. Mo rí Honda HR-V kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, bẹntiróòlù ló ń lò. Ìjókòó ẹ̀yìn ẹ̀, ibi tí ìdí ń gbà, o lè gbé e sókè kó fara ti ẹ̀yìn, kí àyè ṣí sílẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè. Mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Màámi ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Wọ́n ní, "Rà á." Bàbá mi ní Honda kì í ṣe Toyota. Màámi ní ìkòkò kì í dúró nínú orúkọ.

Ti ìnṣọ́ránsì, ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sunkún ṣáájú oúnjẹ. Ìsọ̀rí 1 dé 50 ni wọ́n pín mọ́tò sí nígbà yẹn, bí nọ́ńbà ìsọ̀rí bá ṣe ga sí ni owó ṣe ń ga. Ẹni tó gbé fóònù bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti ń wakọ̀. Mo ní mẹ́rìndínlógún. Ó ní ní ibí ńkọ́? Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló kọ.

Lóṣù kẹrin, kámẹ́rà ká mi mọ́ eré sísá. Ọgọ́rùn-ún pọ́ùn, wọ́n sì fi máàkì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta sára láísẹ́ǹsì mi. Tíṣà ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bàbá, wọ́n fún mi ní máàkì mẹ́ta." Wọ́n ní, "Nínú mélòó?" Mo ní fún awakọ̀ tuntun, mẹ́fà ni. Wọ́n ní, "Ìdajì. O yege. Ṣùgbọ́n o lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó wá di Friday tó kọjá tí mo wọlé sí Àkúrẹ́. Mo dé ẹnu géètì, mo rí páànù tuntun, sìmẹ́ńtì tuntun, òpó mẹ́rin. Mo ní kí nìyí? Bọ̀ọ̀dá mi nawọ́ sí i tayọ̀tayọ̀: "Ilé mọ́tò wa." Mo ní mọ́tò wo? Wọ́n ń wo ara wọn. Àṣé látọjọ́ tí mo ti dọ̀bálẹ̀ nínú òjò, wọ́n ti ń retí pé ní ọdún kẹta màá kó o sọ́kọ̀ ojú omi, kí n ra òmíràn. Bàbá Ìbejì ti ra epo ẹ́ńjìnnì sílẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ atíótó lẹ́nu.

Bọ̀ọ̀dá mi ní òun rí mi nínú fídíò, òun rò pé fóònù ló yí mi sódì bíi ti sẹ́lífì ni. Bàbá mi ní kò sí wàhálà níbẹ̀, títí di oṣù kẹrin ọdún 1972 ẹ̀gbẹ́ òsì náà làwa ń gbà ní Nàìjíríà. Mo ní Bàbá, wọ́n ti yí i padà, Road Safety ò ní fi yín sílẹ̀. Bàbá Ìbejì ní kí n fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta àti ẹni tó ń jó irin, òun á gbé sítíárìn náà sọ́dọ̀ òsì. Mo ń bá a jiyàn lọ́wọ́ nígbà tí Màámi jáde láti kíṣíìnì, ọmọ odó wà lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan sítíárìn. "Kí dírẹ́bà jókòó sí ọ̀tún níbẹ̀. Èmi á jókòó sí òsì, màá ká ọwọ́ mi jọ sórí itan báyìí, a ó sì máa lọ jẹ́jẹ́ láti Arákàlẹ̀ dé Ọjà Ọba. Gbogbo ọjà á rò pé èmi ni mò ń wà á."