A Kì Í Torí Gbígbó Pa Ajá

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni àbúrò tó ń gbé lókè wa nínú ilé tí a háyà n'Íbàdàn kan ilẹ̀kùn mi. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pè ní bàtà mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Rìmóòtù ni ajá mi kọ́kọ́ jẹ. Ó jẹ ẹsẹ̀ àga, ó jẹ wáyà ṣájà mi méjì. Mo nà án títí ó rẹ̀ mí. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni tó máa gbé e lọ."

Lhasa ni ajá náà, ajá kékeré onírun gígùn tó gbòde ní àwọn ilé fúláàtì wa báyìí. Kò tíì ju ọmọ oṣù mẹ́rin lọ. Àwọn ọmọ mi ló sọ ọ́ ní Ògbálẹ̀gbáràwé, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ajá ọdẹ inú àlọ́, nítorí pé kò sí ohun tó bọ́ sílẹ̀ tí kì í gbá mọ́ ẹnu.

Òwe tó pa yẹn dára, ibi tó ti pa á ni kò dára. Kí a tó lè sọ pé ajá kò gbọ́ fèrè, a ní láti ti fun fèrè náà fún un rí, kó sì ti mọ ohun tí fèrè ń wí. Ọdẹ wo ló gbé ọmọ ajá oṣù mẹ́rin wọ igbó lọ́jọ́ kìíní, tó wá ń bínú pé kò dáhùn? Ajá àbúrò mi kò tíì gbọ́ fèrè kankan. Ariwo ló ń gbọ́.

Òwe tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu ni mo pa fún un: a kì í torí gbígbó pa ajá, a kì í torí kíkàn pa àgbò. Gbígbó wà lára ohun tí ajá fi ń jẹ́ ajá. Ẹni tó ra àgbò, tó wá ń ké pé ó ń kàn, kí ló rò pé òun rà? Bẹ́ẹ̀ náà ni rírún nǹkan rí fún ọmọ ajá. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbọ́ dáadáa o. "A kì í pa" ló wí. Kò wí pé a kì í kọ́. Àwọn àgbà tó pa á kò fi àgbò wọn sílẹ̀ kó máa kan ọmọ ọlọ́mọ kiri. Wọ́n ń fi okùn sí i lọ́rùn, wọ́n ń so ó mọ́ ibi tí ọmọdé kì í ti í ṣeré. Inú rere nìkan kọ́ ni òwe yẹn ń kọ́ wa, ọgbọ́n ni: kí a yẹ ọ̀rọ̀ wò bóyá ìṣẹ̀dá ni tàbí ẹ̀ṣẹ̀, kí a tó na ọwọ́ sí pàṣán.

Mo bi í pé, "Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ yìí, ṣé ó ti ń hu eyín?"

Ó ní ó ń hu ún, pé kò pẹ́ tó gé òun jẹ léjìká.

"Ṣé o nà án?"

Ó rẹ́rìn-ín.

Eyín náà ni ọ̀rọ̀ ajá rẹ̀. Eyín ọmọdé 28 ni ajá máa ń hu. Bó bá ti tó bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, eyín àgbà 42 á sì máa yọjú dípò wọn, títí ajá yóò fi pé bí oṣù mẹ́fà tàbí méje. Ní gbogbo àsìkò yìí, èrìgì á máa yún un, á máa ro ó, rírún nǹkan ló sì fi ń rí ìtura. Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, orí òrùlé la máa ń ju eyín wa sí tó bá yọ. Ajá kò ní òrùlé ní tirẹ̀. Ó máa ń gbé púpọ̀ nínú wọn mì ni, ìyẹn ni ẹ kì í fi í sábà rí wọn nílẹ̀. Bí eyín àgbà bá pé tán, ajá kò ní ṣíwọ́ rírún nǹkan pátápátá, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á dínkù, ìyẹn bí a bá ti fi ohun tó jẹ́ tirẹ̀ hàn án.

Nínà ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ajá jẹ rìmóòtù, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni àbúrò mi ti ibi iṣẹ́ dé tó nà án. Ó ní ajá mọ ohun tó ṣe: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá rí i bó ṣe ń yẹ ojú fún mi, tó ki ìrù bọ àárín itan." Obìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí nípa ajá ní ìlú New York, Alexandra Horowitz, dán irú ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ yìí wò lára ajá 14, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Ìbáwí olówó ajá ló ń mú ojú náà wá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ajá tí kò fẹnu kan nǹkan kan, bí olówó rẹ̀ bá ti jágbe mọ́ ọn, ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀rù ń bà á ni. Ohun tí ajá àbúrò mi rí kọ́ nínú pàṣán ìrọ̀lẹ́ ni pé bí ìyá yìí bá ti ń wọlé, kí n wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ.

"Kí ni kí n wá ṣe?"

Mo ní kó kọ́kọ́ kọ́ ilé kó tó kọ́ ajá. Inú bí i díẹ̀, àmọ́ òótọ́ ni. Bàtà tó wà nílẹ̀, lójú ọmọ ajá, ẹni kan ló fi ta á lọ́rẹ. Kí bàtà lọ sókè, kí rìmóòtù lọ sókè, kí ilẹ̀kùn yàrá wà ní títì. Wáyà ló bà mí lẹ́rù jù. Ní ilé tí kò sí iná láti àárọ̀, ajá lè rún wáyà fún wákàtí kan kó má rí nǹkan kan. Àfi kí iná ṣàdédé dé nígbà tó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kí ó máa yọ ọ́ lára ògiri.

Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu ajá ṣe rí nìyẹn. Mo ní kó wá okùn nínípọn, kó ta á ní kókó méjì. Kó máa fún un ní káróòtì tútù. Kó rẹ àkísà mímọ́ sínú omi, kó lọ́ ọ, kó fi sínú fìríìsà títí yóò fi gan, kó wá jókòó tì í nígbà tó bá ń rún un. Kí ohun náà má kéré tó ohun tó lè gbé mì. Ó ní ṣé kí òun má kúkú fún un ní sílípáàsì àlòkù òun. Rárá o! Ajá kò mọ àlòkù yàtọ̀ sí tuntun. Bàtà ni bàtà ń jẹ́ lójú rẹ̀. Egungun adìẹ tí a ti sè ńkọ́? Èyí le fún wa láti gbọ́, nítorí egungun ni gbogbo wa mọ̀ fún ajá, ṣùgbọ́n egungun sísè máa ń fọ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó sì lè gún un ní ọ̀fun tàbí ní ìfun. Àgbàdo tí a ti jẹ ọmọ rẹ̀ tán náà kò dára, ó lè dí ìfun. Bí ajá bá ń bì léraléra, tí kò jẹun, tí kò ya ìgbẹ́, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi ata ra ẹsẹ̀ àga. Ẹni tí ata bá ti ta lójú rí kò ní dá irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku fèrè. "Fi sílẹ̀" ni fèrè tí a mú. Bí ajá bá ti gbé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kò gbọdọ̀ lé e, torí eré ni ajá máa pè é, á sì tún gbé òmíràn lọ́la kí wọ́n lè lé òun. Kó dúró, kó fi ègé ẹja gbígbẹ hàn án, kó wí jẹ́jẹ́ pé "fi sílẹ̀". Bó bá ti tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, kó fún un ní ẹja, kó yìn ín, kó sì gbé okùn tirẹ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, lójoojúmọ́, títí kan ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ràn láti máa pariwo.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó tún kan ilẹ̀kùn. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà méjèèjì pé. Mo ní kí ló wá dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ló kù o. Ó rá lọ síbi tí okùn ajá wà, ó ń rún un. Mo wí fún un pé fi sílẹ̀. Ajá ló tu káróòtì ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, tó ń wo ọwọ́ mi."