Ọlọ́pàá Adìrẹ

Ẹ ti pàdé àwọn ọlọ́pàá adìrẹ níbi ìnáwó. Wọn ò ní kí yín tán tí wọ́n á fi fa etí aṣọ yín, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á mi orí bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀: "Hẹ̀n-ẹ́n. Kọ́sítìkì ni wọ́n fi rẹ eléyìí. Kì í ṣe ojúlówó." Kọ́sítìkì yìí ni kẹ́míkà òyìnbó tí wọ́n ń lò dípò omi eérú.

Ẹ bi ọ̀kan nínú wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe ojúlówó, á ní "ẹlú ni." Ẹlú tán! Kò mọ̀ pé wọ́n ń gún ewé ẹlú, wọ́n ń ṣù ú, wọ́n ń sá a. Kò mọ ìkòkò eérú tí wọ́n dá ihò sí nídìí, tí wọ́n gbé ka orí òmíràn kí omi eérú lè máa ro sísàlẹ̀. Omi yẹn ni wọ́n ń rẹ ẹlú sí fún ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá kan tó, aró ò ní mú aṣọ. Bí ó bá mú un, aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn ni yóò sọ ọ́ di búlúù. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, àrìtúnrì ni. Àmọ́ bí ó bá pẹ́ jù nínú aró, ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya àwòrán sí i, kí aró má bàa mu ibẹ̀, á rọ̀, aró á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹyẹ tí wọ́n yà á di àbàwọ́n. Ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ sì máa ń wà, nítorí náà aró a máa mu ẹ̀yìn aṣọ náà gbọ̀ọ̀rọ̀.

Aṣọ funfun ńkọ́? Láyé ìjọ́un, òyìnbó ló ń hun ún wá láti Manchester. Kíjìpá tí àwa fúnra wa ń hun le jù, ẹ̀kọ kì í tẹ́ lórí rẹ̀. Ìbàdàndùn, àwòrán adìrẹ tí ẹ ń pè ní àṣà àbáláyé, òpó gbọ̀ngàn Mápó ló wà lára rẹ̀, ilé tí ìjọba òyìnbó ṣí ní 1929. Olóba ńkọ́? Ọba George Karùn-ún àti ayaba rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, tìtorí ayẹyẹ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rẹ̀ lórí oyè ní 1935. Ẹ wo ojúlówó Yorùbá!

Kódà ní àárín àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de kọ́sítìkì àti aró òyìnbó l'Ábẹ́òkúta. Ta ló yarí? Àwọn ìyá aláró fúnra wọn, àwọn tí ọwọ́ wọn dúdú fún iṣẹ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọlọ́pàá wa tó lọ, ẹ bá mi ṣí etí bùbá adìrẹ tí òun alára wọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó funfun báláú.